Kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú orin nìkan ló ń tún ìlú ṣe

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ orin ní yunifásítì ló gbà pé bí àwọn bá fẹ́ fi orin tún àwùjọ ṣe, àfi kí àwọn kọ orin tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ gbóná: èyí tó bá aláṣẹ wí, tó ní ìyà yìí tó gẹ́ẹ́. Wọ́n á gbé e jáde, wọ́n á máa ka iye ẹni tó gbọ́ ọ. Bí nǹkan ò bá yí padà, wọ́n á ní orin ò lágbára mọ́. Èrò yìí dùn mí, torí ó ń mú kí wọ́n pa ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe jù tì.

Ẹ jẹ́ ká wo àwọn ọmọ Fisk ní Nashville, ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú ní Amẹ́ríkà. Ní 1871, gbèsè fẹ́ ti ilé ẹ̀kọ́ náà pa. George White, akápò tó tún ń kọ́ wọn lórin, kó akẹ́kọ̀ọ́ 9 jáde lóṣù Kẹwàá láti lọ máa kọrin káàkiri. Orin tí àwọn aláwọ̀ funfun ti mọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ gbé dání, owó ò sì fi bẹ́ẹ̀ wọlé. Orin táwọn òbí wọn kọ nígbà ẹrú wà nínú wọn, ṣùgbọ́n wọn kì í fẹ́ kọ ọ́ níwájú àlejò. Ohun ọ̀wọ̀ ni, ohun ìrora sì ni. Ìgbà tí wọ́n gbé e jáde ni òkìkí kàn. Wọ́n kó nǹkan bí $20,000 wálé nínú ìrìn àjò àkọ́kọ́. Ní 1873, wọ́n kọrin fún Ọbabìnrin Victoria. Owó orin ni wọ́n fi kọ́ Jubilee Hall, ilé ńlá tó ṣì dúró níbẹ̀ dòní. Odò Jọ́dánì àti Mósè ni orin wọ̀nyẹn ń dárúkọ, kò bẹ ẹnikẹ́ni pé kó kọ́lé. Bí wọ́n ṣe pa ohùn pọ̀, tí wọ́n sì mọ bí wọ́n ṣe ń rẹ ohùn sílẹ̀ títí gbogbo gbọ̀ngàn á fi dákẹ́ rọ́rọ́, lohun tó mú àwọn olówó tọwọ́ bàpò.

Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ ò níyì o. Ní 1961, ní ìlú Albany ní Georgia ní Amẹ́ríkà, wọ́n ní kí Bernice Johnson, akẹ́kọ̀ọ́ orin, dá orin lẹ́yìn ìwọ́de táwọn aláwọ̀ dúdú fi ń jà fún ẹ̀tọ́ wọn. Ó mú orin ṣọ́ọ̀ṣì tí gbogbo wọn mọ̀, ó yọ “wàhálà” kúrò, ó fi “òmìnira” sí i. Ọ̀rọ̀ kan péré! Àwọn tó kù ti mọ ègbè, wọ́n sì gbè é.

Níbẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ orin wà. Bí ẹni tó ń lé orin bá gbé e sókè jù, ìdajì èrò á ti panu mọ́ kí ẹsẹ kejì tó dé. Orin tí ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀ ò ṣeé gbè fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ. Bí wọ́n bá sì mú ẹni tó ń lé e lọ sí àtìmọ́lé, ṣé ẹlòmíì ti wà tó lè gbà á? Ẹni tó kọ́ etí rẹ̀ fún ọdún mẹ́rin ló yẹ kó ronú sí èyí.

Wọ́n lé Bernice kúrò ní kólẹ́ẹ̀jì rẹ̀ torí ìwọ́de. Ní 1962, òun àti àwọn mẹ́ta mìíràn di Freedom Singers. Wọ́n rìn tó 50,000 máìlì láàárín oṣù 9, wọ́n ń ròyìn ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní gúúsù orílẹ̀-èdè náà fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibòmíì, wọ́n sì ń kó owó jọ fún SNCC, ẹgbẹ́ tó ń ṣètò ìjà náà.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá bi mí pé ibo lòun á ti bẹ̀rẹ̀, mo máa ń ní kó lọ jókòó síbi táwọn èèyàn ti ń pàdé lórí ọ̀rọ̀ tó ń dùn wọ́n, kó gbọ́ orin tí wọ́n ti mọ̀, kó sì wá ibi tó máa gbé ohùn orin náà sí tí ìyá àgbà tó jókòó lẹ́yìn pátápátá á fi lè bá wọn gbè é.