Waffle tí à ń jẹ kọ́ ló bí waffle tí à ń sọ

Bí òṣèlú Amẹ́ríkà kan bá ní bẹ́ẹ̀ ni lónìí, tó tún ní bẹ́ẹ̀ kọ́ lọ́la, wọ́n á ní ó ń waffle. Ẹ bi ọ̀pọ̀ èèyàn léèrè ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá, oúnjẹ ni wọ́n á nawọ́ sí: àkàrà òyìnbó olójú kòtò-kòtò yẹn, tí wọ́n ń dà sáàárín irin gbígbóná méjì, tí wọ́n á sì yí padà kí tẹ̀yìn-tọ̀hún lè jinná. Wọ́n ní bí wọ́n ṣe ń yí i ni ọkàn oníyèméjì ṣe ń yí. Àlàyé yìí dùn-ún gbọ́, àmọ́ kì í ṣe òótọ́. Mo ti fi kọ́ ọmọ mi rí, ìdí nìyẹn tó fi ń ká mi lára.

Ọ̀dọ̀ àwọn ará Nẹ́dálándì ni Gẹ̀ẹ́sì ti yá orúkọ oúnjẹ náà. Wafel ni wọ́n ń pè é. Ọdún 1744 ló kọ́kọ́ hàn nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì. Ó bá Wabe ti Jámánì tan, ìyẹn afárá oyin. Ẹ wo ojú àkàrà náà dáadáa, ẹ ó rí i.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀-ìṣe náà ti wà nílẹ̀ láti bí ọdún 1690 sí 1700. Ta ló rí ọmọ tó dáyé ṣáájú ìyá rẹ̀?

Ajá ló ni ín. Waff ni ìró ẹnu ọmọ ajá tó rí àlejò lẹ́nu ọ̀nà: wáfù, wáfù, kò ní bu ẹnikẹ́ni jẹ, kò sì ní dákẹ́. Bí gbígbó náà bá ń tẹ̀ léra wọn, ó di waffle. Kò yẹ kó ya ọmọ Yorùbá lẹ́nu. Ṣebí ìró ẹ́ńjìnnì la gbọ́ tí a fi sọ ọ̀kadà ní alùpùpù?

Láti ibẹ̀ ló ti di ìsọkúsọ. Nígbà tó fi máa di 1803, wọ́n ti ń lò ó fún oníyèméjì ní Scotland àti àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Amẹ́ríkà ló wá di ìtumọ̀ yìí mú. Àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ní tiwọn, àsọọ̀dabọ̀ ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń fi í pè, òun náà ni wọ́n fi kọ́ wa: nígbà tí olùkọ́ mi fi bírò pupa kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àròkọ mi, ohun tó ń sọ ni pé mo kọ ojú ìwé méjì láìsọ nǹkan kan.

Ní 1994, Garry Trudeau, tó ń ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ Doonesbury, fi waffle gan-an ṣe àwòrán Ààrẹ Bill Clinton. Ẹni tó bá rí ìyẹn, báwo ló ṣe fẹ́ ronú kan ajá?

Mo ti pe ọmọ mi, mo ní ohun tí mo sọ níjọ́sí kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní kí wá ni ajá ń wá níbẹ̀. Mo ní kó tẹ́tí sí ọmọ ajá aládùúgbò wa tó bá di alẹ́.