Tó bá di gbígbà, ẹnì kan ni wá. Tó bá di fífúnni, wọ́n gé wa sí méjì

Ẹ gbà mí o, ta ló sọ fún ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ méjì lówó lọ́wọ́? Ẹni tó lówó lọ́wọ́ kì í jí ní ìdájí lọ wẹ àwọn arúgbó, kó tún wá di ìrọ̀lẹ́ kó gba ọ́fíìsì lọ, kó lọ máa fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn tó ti wà nílé wọn tí wọ́n ń wo tẹlifíṣọ̀n. Ṣùgbọ́n ẹ wo pésílíìpù (ìwé owó oṣù) iṣẹ́ kejì mi. Lójú ìwé yẹn, ọlọ́rọ̀ ni mí.

BR ni wọ́n kọ síbi kóòdù táàsì, ìyẹn kóòdù owó orí. Kò sí nọ́ńbà kankan níbẹ̀. Iṣẹ́ BR ni pé kó máa gba 20 nínú 100, láti orí pẹ́nì àkọ́kọ́ dé èyí tó gbẹ̀yìn. Kò bèèrè bóyá o jẹun.

Bí òfin wọn ṣe rí nìyí. Olúkúlùkù ló ní £12,570 lọ́dún tí wọn kò ní fọwọ́ kàn (àwọn tó ń gbà ju £100,000 lọ ni tiwọn yàtọ̀, kò kàn wá). Ibi iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń gbé gbogbo rẹ̀ sí, òun ni kóòdù 1257L tí ẹ ń rí yẹn (£12,570 tí wọ́n yọ òdo ìparí rẹ̀ kúrò ni). Tí ẹ bá wá rí iṣẹ́ kejì, ẹ ó kọ fọ́ọ̀mù tó ní A, B àti C. Ẹni tí iṣẹ́ mìíràn wà lọ́wọ́ rẹ̀, C ló gbọ́dọ̀ mú. Bí ẹ bá ti mú C, BR ti bọ́ sọ́wọ́ yín nìyẹn. Àwọn kan á sì gbọ́n, wọ́n á mú A. Kóòdù 1257L á wà níbi méjèèjì, owó á gbé pẹ́ẹ́lí fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ni lẹ́tà gbèsè á dé, wọ́n á sì máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ lára owó ọdún tó ń bọ̀.

Àǹtí kan wà níbi iṣẹ́ wa tó máa ń sọ fún àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé pé wọ́n ń gba 40 nínú 100 lórí iṣẹ́ kejì. Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ní London níbí, àfi kí owó iṣẹ́ méjèèjì lápapọ̀ kọjá £50,270 lọ́dún kí wọ́n tó gba 40 lórí èyí tó lé. Èwo nínú àwa tó ń ti kẹ̀kẹ́ arúgbó ló rí ìyẹn rí? Òótọ́ ibẹ̀ ti burú tó, kò nílò irọ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Ká ní iṣẹ́ àkọ́kọ́ ń mú £9,000 wọlé lọ́dún, tí ìkejì ń mú £7,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ £16,000. Ẹ yọ £12,570, ó ku £3,430. 20 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ £686. Gbèsè wa nìyẹn, ẹnikẹ́ni kò jiyàn. Àmọ́ 1257L jókòó síbi tí owó kò tó o, £3,570 ń ṣòfò níbẹ̀, BR sì ń gé £7,000 láti ìdí. £1,400 ni wọ́n kó lọ. Wọ́n fi £714 lé e! Ẹ bi àwọn ará ilé ní Òṣogbo léèrè ohun tí £714 ń ṣe.

Wọ́n sì ti di £12,570 yẹn mọ́lẹ̀ láti 2021. Nígbà yẹn, £8.91 ni owó wákàtí tó kéré jù fún àgbàlagbà. Ènìyàn lè ṣe nǹkan bíi wákàtí 27 lọ́sẹ̀ kí táàsì tó bẹ̀rẹ̀. Ní 2025 ó di £12.21. Wákàtí 20 ò ní pé tí wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ sí í gé e.

Wọ́n á ní ká fọkàn balẹ̀, pé tí ọdún bá parí wọ́n á dá a padà. Ọdún tiwọn ń parí ní ọjọ́ 5 oṣù kẹrin. P60, ìwé tó ń sọ iye tí ènìyàn gbà àti owó orí tó san lọ́dún, lè má dé títí oṣù karùn-ún á fi parí, lẹ́tà P800 tó ń sọ iye tí wọ́n máa dá padà á sì wá rìn dé nígbà tó bá wù ú. Irú alájọ wo nìyí? Mi ò yàn án, ó ń gbà ju iye àjọ lọ, ó wá kó owó mi fún mi lọ́dún kejì, mo tún ní láti dúpẹ́. Alájọ ilé wa, owó ọjọ́ kan lóṣù ló ń mú, ó sì ń mọ orúkọ ọmọ ẹni.

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni pé ó ṣeé tún ṣe. Wọ́n lè pín owó náà: 900L níbi iṣẹ́ àkọ́kọ́, 357L níbi ìkejì, ọ̀rọ̀ ti parí. Láti 2013 ni àwọn ibi iṣẹ́ ti ń jábọ̀ fún wọn ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sanwó fún wa. Wọ́n ń rí owó méjèèjì lórí kọ̀ǹpútà wọn. Síbẹ̀, àfi kí o fúnra rẹ lọ bẹ̀ wọ́n. Mo bi obìnrin tó ń ṣètò owó oṣù níbi iṣẹ́ kejì, ó ní kóòdù kò sí lọ́wọ́ àwọn. Òótọ́ ló sọ. Mo pe àwọn agbowó orí ìjọba tó wà lọ́wọ́ wọn, orin ni mò ń gbọ́ títí ṣíìfù fi tó. Nígbà tí ẹnì kan wá gbé e, ó ní kí n sọ iye tí mo máa rí lọ́dún yìí. Èmi tí ẹ́jẹ́ńsì tó ń wáṣẹ́ fún wa ń fi WhatsApp sọ fún lálẹ́ pé ṣíìfù ọ̀la ti fò!

Ẹ wá gbọ́ ìrẹ́jẹ pọ́nńbélé. Nígbà tí wọ́n ń gbowó, wọ́n pa owó méjèèjì pọ̀, mo di ẹnì kan. Ó wá di ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì. Òfin ní kí ibi iṣẹ́ forúkọ ẹni tó bá ń gbà ju £10,000 lọ lọ́dún sílẹ̀, kí àwọn náà sì dá sí i. £9,000 níbí, £7,000 lọ́hùn-ún: mi ò tó níbì kankan! Ta ló pa á pọ̀ fún mi? Ẹni tó ń gbà ju £6,240 lọ lè bèèrè, ibi iṣẹ́ ò sì gbọdọ̀ kọ̀, wọ́n á san tiwọn. Ẹ lọ bèèrè o, torí wọn ò ní fi ṣe ìkéde.

National Insurance ńkọ́, owó tí wọ́n ń yọ lára owó iṣẹ́ nítorí owó àgbà ìjọba? Ibi iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti ń wò ó lọ́tọ̀, nítorí náà ó lè dín kù fún oníṣẹ́ méjì, mi ò purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ mú ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ kéékèèké mẹ́ta, £110 lọ́sẹ̀ níbi kọ̀ọ̀kan. £17,160 nìyẹn lọ́dún. Owó orí tó jẹ wọ́n jẹ́ £918, wọ́n á sì gbà á pé. Àmọ́ ní ọdún owó orí 2025 sí 2026, ẹni tí kò bá tó £125 lọ́sẹ̀ níbi iṣẹ́ kan, wọn ò ní kọ ọdún yẹn sílẹ̀ fún un. Àádọ́fà pọ́n-ùn lọ́nà mẹ́ta, òfo! Ọdún 35 lènìyàn nílò kó tó gba owó àgbà ìjọba pé, tí kò bá sì tó 10, kò ní gba nǹkan kan. Tó bá fẹ́ ọdún tó ti fi iṣẹ́ kọjá yẹn, wọ́n á ní kó fowó ara rẹ̀ rà á.

Owó wa tó wà lọ́wọ́ wọn náà ní gbèdéke. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fún wa láti bèèrè rẹ̀, tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, wọ́n ti gbé e mì. Àwọn ńkọ́, tí wọ́n bá ní ẹnì kan mọ̀ọ́mọ̀ fi owó pamọ́ fún wọn? Ogún ọdún ni òfin fún wọn láti padà wá gbà á.