Ta ló sọ fún yín pé ẹni tó gun ọ̀kadà kò lẹ́tọ̀ọ́?

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Lánàá ni ọmọbìnrin kan wá gba bùláòsì ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi níbí ní Sábó, Ìkòròdú, ọwọ́ òsì ẹ̀ wà nínú POP, kọ́rọ́pẹ, bọ́ọ̀sì kékeré yẹn, ló gbá ọ̀kadà tó gbé e. Ó ní dẹ́rẹ́bà fún òun ní 20,000, òun ò mọ̀ bóyá òun lè béèrè sí i. Kó tó sọ̀rọ̀ tán, bàbá kan tó ń dúró de ṣòkòtò wọn ti já lu ọ̀rọ̀ náà: "Ọ̀kadà lo gùn, o wá ń béèrè owó? Ṣé ọ̀kadà ní pépà ni? Ìjọba gan-an ti fòfin dè é. Lọ máa dúpẹ́ pé o wà láàyè." Gbogbo àwọn tó jókòó ń mi orí, títí kan ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, tó mọ gbogbo ohun tí ojú mi rí lórí irú ọ̀rọ̀ yìí kan náà!

Bàbá, ẹ má bínú o, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀.

Òfin tí ẹ ń wí yẹn, ọdún 2022 ni ìjọba Èkó lé ọ̀kadà kúrò ní ìjọba ìbílẹ̀ 6 láti ọjọ́ 1 oṣù kẹfà, wọ́n fi 4 kún un ní ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án. Ìkòròdú kò sí nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Títì ńlá tó lọ sí Èkó ni wọ́n ti ní kí ọ̀kadà kúrò lórí ẹ̀ láti 2020. Ká tiẹ̀ wá ní orí títì yẹn gan-an ló ti ṣẹlẹ̀, ìyẹn wà láàárín ìjọba àti àwọn tó wà lórí ọ̀kadà náà, kí wọ́n gba ọ̀kadà ọ̀hún tàbí kí wọ́n gbé wọn lọ kóòtù, kí ló wá kan dẹ́rẹ́bà tó ń tẹ fóònù tó fi gun èèyàn lẹ́sẹ̀? Ohun tí kóòtù ń wò ni ẹni tí kò wakọ̀ bó ṣe yẹ. Tí ìwọ náà bá ní ẹ̀bi díẹ̀, bóyá o ò dé hẹ́límẹ́ẹ̀tì, wọ́n lè yọ ìyẹn kúrò nínú owó ẹ, wọn ò ní torí ẹ̀ sọ pé kó o máa lọ lọ́wọ́ òfo.

Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, irin wà nínú ẹsẹ̀ ọ̀tún mi. Oṣù kẹta 2023, mo fẹ́ lọ gbé aṣọ fún oníbàárà ní Ìgbógbó, mo gun ọ̀kadà, àfi bí jíìpù kan ṣe fẹ̀yìn jáde nínú géètì láìwẹ̀yìn, gbàm! Ẹsẹ̀ tí mo fi ń tẹ mọ́ṣìnì ìránṣọ gan-an ló kán. Ọsibítù tí wọ́n kọ́kọ́ gbé mi dé ní àfi ká san dìpọ́síìtì kí wọ́n tó fọwọ́ kàn mí (òfin ìlera ti 2014 ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kọ aláìsàn pàjáwìrì, ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù 6 tàbí fáìnì 100,000 tàbí méjèèjì ni ìjìyà ẹ̀, àmọ́ ta ló máa ráyè ka òfin nígbà tí egungun ń yọjú).

Nígbà tó di tẹ́ṣàn, ọ̀gá onijíìpù dọ̀bálẹ̀, ìyàwó ẹ̀ ń sunkún, wọ́n gbé 30,000 kalẹ̀ pẹ̀lú ìwé kan pé mi ò ní béèrè nǹkan kan mọ́ láéláé. Àna mi ní kí n sáà fọwọ́ sí i, pé ọ̀kadà ni mo gùn. Ẹ gbọ́ ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín: ọkùnrin yìí fúnra ẹ̀ ló ń ṣe fọ́ńté fún ọlọ́pàá pé pépà òun pé, pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ san ínṣọ́ránsì third party ni, 15,000, kì í ṣe 5,000 àtijọ́ mọ́. Kò sẹ́ni tó rò ó níbẹ̀ pé pépà yẹn gan-an ló yẹ kó sanwó fún mi! Àbúrò mi obìnrin ló yọ fóònù, ó ya á ní fọ́tò. Mi ò sì fọwọ́ sí nǹkan kan.

Ibi tí ẹ ti ń ṣì í nìyẹn. Ẹ ń wá pépà ọ̀kadà, nígbà tó jẹ́ pé ínṣọ́ránsì mọ́tò tó gbá yín ló ń sanwó. Láti ayé òyìnbó, 1945, ni òfin third party ti wà, torí ẹni tí mọ́tò bá ṣe léṣe ni wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀. Mílíọ̀nù 3 tí wọ́n ń sọ pé ínṣọ́ránsì yìí máa ń san mọ fún mọ́tò àdáni, ti dúkìá tó bàjẹ́ nìyẹn, ti ẹ̀mí àti ara ọ̀tọ̀. Ọlọ́pàá sì ti ń yẹ̀ ẹ́ wò lójú títì láti ọjọ́ 1 oṣù kejì 2025. Ẹ tẹ *565*11#, ẹ fi nọ́ńbà ọkọ̀ náà sí i, ẹ máa mọ̀ bóyá ojúlówó ni.

Lọ́yà tó bá mi ṣe é ní kí n kó risíìtì wá, rìpọ́ọ̀tù ọlọ́pàá, àti ẹ̀rí pé iṣẹ́ mi ń mówó wọlé. Mo ní níbo ni télọ̀ ti fẹ́ rí irú ẹ̀rí yẹn? Ó ní, "Ìwé tẹ́ ẹ fi ń wọn èèyàn ńkọ́, Mà?" Ìwé tí epo mọ́ṣìnì ti yí! Ó ṣí i: Ìyá Sùkúrà, àyà 42, ti san 3,000, ó ku 4,000. Aṣọ ẹbí ènìyàn 14, mo dá owó wọn padà. Ojú ìwé kan tẹ̀ lé òmíì, ó ń fi bírò sàmì sí i. Owó ọsibítù nìkan ni àwọn ínṣọ́ránsì kọ́kọ́ ní àwọn máa san. Ó kọ lẹ́tà padà, ó so ẹ̀dà ìwé mi mọ́ ọn. Oṣù mẹ́jọ ni, kò rọrùn, àmọ́ wọ́n san ti ọsibítù, ti oṣù márùn-ún tí mi ò ránṣọ, àti ti ìrora tí kò ní risíìtì.

Ẹ máa ní ta ló lówó lọ́yà. Legal Aid Council, àwọn lọ́yà ìjọba àpapọ̀, ń bá ẹni tí kò lówó gbèjà lórí ọ̀rọ̀ àsìdẹ́ńtì, ìjọba Èkó náà ní tiwọn, OPD (Office of the Public Defender), ọ̀fẹ́ ni. Àwọn tó ń sọ pé kádàrá ni, mo ti gbọ́.

Tí dẹ́rẹ́bà bá sá lọ tí ẹnì kankan ò mú nọ́ńbà ẹ̀, tàbí tó jẹ́ ayédèrú ni pépà ẹ̀ tí òun náà ò ní kọ́bọ̀, ó le, mo gbà. Ìyẹn ò kan pé ọ̀kadà lẹ gùn. Ẹ má sì jókòó tì í o, ọdún 3 ni òfin Èkó fún yín láti gbé ẹni tó ṣe yín léṣe lọ kóòtù, tó bá wá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, oṣù 3 péré.

Ọmọbìnrin yẹn padà wá láàárọ̀ yìí, ó kó risíìtì ẹ̀ sínú náílọ̀n búrẹ́dì. Ti X-ray kò sí níbẹ̀. Mo ní kó padà lọ sí ọsibítù náà, kó ní kí wọ́n kọ òmíì fún òun, kó tó mú bùláòsì ẹ̀ lọ.