Fífọ́ Kókó Kì í Ṣe Wíwo Jẹjẹrẹ Sàn

Gbólóhùn kan wà nínú ìwé àṣẹ tí FDA, àjọ tó ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn l'Amẹ́ríkà, fún ẹ̀rọ histotripsy tí wọ́n ń pè ní Edison, tó ń fi ìró fọ́ kókó inú ẹ̀dọ̀, ní oṣù kẹwàá ọdún 2023. Gbólóhùn yẹn la ti ń na ìka sí láti ìgbà náà. Ó sọ ní kedere pé àjọ náà kò yẹ ẹ̀rọ yìí wò gẹ́gẹ́ bí ìtọ́jú àìsàn kankan, títí kan jẹjẹrẹ, pé kò sì wo bóyá kókó náà tún hù padà tàbí bóyá aláìsàn ṣì wà láàyè lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Ohun tí wọ́n fọwọ́ sí ni pé kí ẹ̀rọ náà máa fọ́ kókó inú ẹ̀dọ̀. Ó parí síbẹ̀.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ṣílẹ̀kùn fún un, nípa ọ̀nà àbùjá tí wọ́n là fún àwọn ẹ̀rọ tuntun tí àwọn aláìsàn kò lè máa dúró dè. Láti ìgbà náà, "ìtọ́jú jẹjẹrẹ láìlo abẹ" ni gbogbo ẹnu ń pè é. Kò sẹ́ni tó tún ń ka gbólóhùn ọjọ́sí mọ́.

A ò bá ẹ̀rọ náà jà. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn onímọ̀ Yunifásítì Michigan ni, ó sì dára. Orí ẹ̀rọ náà rí bí abọ́ tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Inú omi tí wọ́n gbé lé ikùn aláìsàn ló máa ń jókòó sí, omi tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kúrò, torí bí afẹ́fẹ́ bá ṣẹ́kù nínú omi yẹn, ibẹ̀ ni yóò ti kọ́kọ́ hó, ìró kò sì ní dé ẹ̀dọ̀. Látinú abọ́ yìí ni ìró tí etí kò lè gbọ́, bíi kilohertz 700, ti ń jáde, tí gbogbo rẹ̀ á wá pàdé lójú kan ṣoṣo. Ká ní a pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ìjù ẹyọ kan, ìyẹn títa ìró náà lẹ́ẹ̀kan, kì í gbà tó ogún nínú rẹ̀.

Ìró kì í tẹ nǹkan nìkan, ó tún máa ń fà á. Nígbà tí agbára ìfà náà bá tó nǹkan bíi megapascal 25 sí 30, ìyẹn bí ìlọ́po 250 sí 300 agbára tí afẹ́fẹ́ ayé fi ń tẹ̀ wá, omi inú ẹran ara á ya. Afẹ́fẹ́ tó ti yòrò sínú rẹ̀ á ṣí sílẹ̀ di ìhó wínníwínní, á wú, á sì wó kí ojú tó ṣẹ́. Sẹ́ẹ̀lì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á nà kọjá bó ṣe lè nà, á sì fàya. Lẹ́yìn ìjù kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ á sinmi fún àkókò tó fi bí ìlọ́po ọgọ́rùn-ún ju ti ìjù náà lọ, kí ooru má baà gbára jọ. Ìdí nìyẹn tí kò fi jọ àwọn ọ̀nà tó ń fi iná sun kókó. Apá róbọ́ọ̀tì á máa gbé ojú ìpàdé ìró náà kiri láti orí kókó títí dé ẹ̀yìn rẹ̀. Lójú skirini, ìkùukùu ìhó á funfun báláú, ibi tí wọ́n bá ti fọ́ tán á sì dúdú. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá àti ọ̀pá òróòro, nítorí bí wọ́n ṣe yi, máa ń pẹ́ kí wọ́n tó fàya ju ẹran ẹ̀dọ̀ lọ. Abẹ irin kò mọ ìyẹn yà sọ́tọ̀.

Ẹni tó bá ti dúró ti ẹ̀rọ yìí mọ ibi tó ti ń kọsẹ̀. Egungun ìhà máa ń dí ìró lọ́nà, á sì tún tẹ̀ ẹ́ gba ibòmíì. Afẹ́fẹ́ inú ìfun máa ń dá a padà. Ẹ̀dọ̀ kì í dúró sójú kan, èémí ń gbé e lọ sókè sódò, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fún aláìsàn ní oògùn oorun tí ẹ̀rọ á sì máa bá a mí. Bí ẹran ikùn bá nípọn, agbára ìfà tó máa dé ojú iṣẹ́ lè má tó, ìhó kò sì ní hó rárá. Kò sí ìdajì ìhó: bí agbára kò bá tó, òfo ni. Tí ẹni tó ń darí ẹ̀rọ bá wá gbé agbára sókè láti fi bá a, ìhó lè bẹ̀rẹ̀ sí í hó níwájú ibi tí wọ́n fẹ́, ooru sì lè gbára jọ sí awọ ara àti egungun ìhà.

Èyí tó kàn wá jù ni etí ibi tí wọ́n fọ́. Ní àárín, gbogbo rẹ̀ á ti di omi ọbẹ̀, kò ní sí sẹ́ẹ̀lì kan tó dá pé. Ní etí rẹ̀, èyí tó fàya àti èyí tí kò fàya máa ń wà pọ̀. Nítorí èyí ni wọ́n fi ń fi àlà kan, ìyẹn ẹran ara díẹ̀ tó yí kókó ká, kún ohun tí wọ́n máa fọ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Bí àlà yẹn bá tín-ín-rín lápá kan nítorí pé iṣan ẹ̀jẹ̀ tàbí egungun ìhà wà níbẹ̀, àwòrán ọjọ́ kejì lè máa dán gbinrin kí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ṣì wà láàyè nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ awòrán ń rí ihò. Kì í rí sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo tó sá mọ́ ara ògiri.

Ẹ wá wo ohun tí wọ́n fi gba àṣẹ. Ìdánwò tí wọ́n pè ní #HOPE4LIVER, ènìyàn 44 ló wà nínú rẹ̀, kókó 49, èyí tó tóbi jù kò ju sẹ̀ǹtímítà 3 lọ. Iṣẹ́ wọlé lára ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún wọn, ìṣòro ńlá sì dé bá ìdá 7. Òṣùwọ̀n tí wọ́n ní kó kọjá ni ìdá 70 fún àṣeyọrí, kí ìṣòro má sì tó ìdá 25. Ó kọjá wọn dáadáa. Ṣùgbọ́n ìgbà wo ni wọ́n wo "àṣeyọrí"? Láàárín wákàtí 36. Ìṣòro ńkọ́? Láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Ìbéèrè tí wákàtí 36 lè dáhùn ni bóyá ihò tí wọ́n gbẹ́ tó bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀. Aláìsàn kò bi wọ́n ní ìyẹn. Ohun tó ń bi wọ́n ni bóyá òun á wà láyé.

FDA mọ èyí, òun ló kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. A kò ka òtítọ́ náà sí ẹ̀bi. Ẹ̀bi tí a rí ni pé wọ́n kọ ọ́ tán, wọ́n fi í sínú ìwé tí aláìsàn kì í sábà kà, wọ́n sì fi ìyókù lé ẹni tó ń ta ẹ̀rọ lọ́wọ́. Ohun tí a ti ń béèrè kò yí padà: kí gbogbo ẹni tí wọ́n bá fi ẹ̀rọ yìí fọ́ nǹkan nínú ara rẹ̀ ní orúkọ nínú ìwé kan ṣoṣo tí ìjọba ń tọ́jú, kí wọ́n sì tẹ̀lé e fún ọdún márùn-ún. Kó jẹ́ dandan, ó kọjá "a rọ àwọn ilé ìwòsàn". Àkọsílẹ̀ tí olùtajà bá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ lè péye, àmọ́ agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Orúkọ àti ọjọ́ nìkan kò sì tó. Kí wọ́n kọ ohun tí ẹ̀rọ yìí ṣe náà sílẹ̀: agbára tó lò lójú kọ̀ọ̀kan, iye ìjù, ojú ibi tí wọ́n fò nítorí ìhó kò hó, bí àlà ṣe nípọn tó. Kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú àwòrán. Lọ́jọ́ tí kókó bá tún hù ní apá òsì, ẹni tó bá ṣí ìwé yẹn á rí i bóyá apá òsì yẹn gan-an ni wọ́n fò. Láìsí rẹ̀, àbá lásán la ó máa dá. Kọ̀ǹpútà ló ń darí ẹ̀rọ náà. Ẹ jọ̀wọ́, kí ló wá le níbẹ̀?

Wọ́n á ní a ń kánjú, pé ẹ̀rí á máa wá díẹ̀díẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ nípa ìhó tí wọ́n ń gún sínú iṣan nìyẹn. Ìyẹn yàtọ̀ sí ti ẹ̀dọ̀: ìhó tí wọ́n ti dà ọ̀rá bò, tó wà láàárín máíkírómítà 1 sí 10, tó lè bá sẹ́ẹ̀lì pupa kọjá nínú iṣan tó tín-ín-rín jù. Wọ́n ń lò ó kí àwòrán ọkàn lè mọ́lẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2007, lẹ́yìn tí ìròyìn dé pé àwọn kan kú láìpẹ́ tí wọ́n gbà á, FDA lẹ ìkìlọ̀ tó le jù mọ́ ọn. Àwọn dókítà ọkàn fárí gá, nígbà tó sì di ọdún 2008 wọ́n ti dẹ apá kan nínú rẹ̀. Ìwádìí tó fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún aláìsàn tó gbà á wé àwọn tí kò gbà á, ẹ̀yìn ìjà ló dé. Ká ní wọ́n ti ń kà á láti ìbẹ̀rẹ̀, kò bá má sí ìjà.

Ìhó kan náà yẹn ni wọ́n ti ń fi ṣí ara sẹ́ẹ̀lì báyìí kí oògùn lè wọlé, tí wọ́n sì ń fi ìró ṣí ààbò tó wà láàárín ẹ̀jẹ̀ àti ọpọlọ. Bí ìró bá rọ̀, ìhó á máa jó lójú kan, ihò tó ṣí lára sẹ́ẹ̀lì á sì tètè padé. Bí ó bá le, ìhó á bú, ihò á gbòòrò, kálísíọ̀mù á ya wọlé, sẹ́ẹ̀lì á kú. Àní bí wọ́n ṣe fà á sínú abẹ́rẹ́ ṣe pàtàkì: abẹ́rẹ́ tó tín-ín-rín jù tàbí ọwọ́ tó yá jù á ti fọ́ ìhó kó tó dé ara, bí ìgò bá sì ti dúró fún ìgbà díẹ̀, ìhó á ti léfòó sókè, ohun tí wọ́n fà ní ìsàlẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ omi. Ta ló ń kọ irú èyí sílẹ̀ lójú iṣẹ́?

Ní Japan, onímọ̀ ẹ̀rọ kan, Yoko Yamanishi, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi wáyà inú gíláàsì tín-ín-rín àti iná mànàmáná tó ń já wìì-wìì tú ìhó jáde ní ìlà kan, èyí tó ń gé sẹ́ẹ̀lì tó sì ń gbé ohun tí wọ́n fẹ́ gún wọ inú rẹ̀ láìlo abẹ́rẹ́. Iṣẹ́ yàrá ìwádìí ni. Bí ó bá kan ilẹ̀kùn àjọ aláṣẹ lọ́jọ́ kan, ìwé wo ni wọ́n fẹ́ bá níbẹ̀?

Ní báyìí ná, nǹkan kan wà tí kò nílò òfin tuntun, tí kò sì ná wọn ní kọ́bọ̀. Kí gbólóhùn ọdún 2023 yẹn, ní èdè tí aláìsàn gbọ́, wà ní ojú ewé àkọ́kọ́ fọ́ọ̀mù ìfọwọ́sí, kí wọ́n kà á sí i létí kí ó tó tọwọ́ bọ̀ ọ́, l'Amẹ́ríkà àti nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bákan náà.