Òkun méjì kò pàdé ní Panama, omi òjò ló ń gbé ọkọ̀ kọjá níbẹ̀

Wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀ o. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan lórí rédíò tún fi ìdánilójú là á mọ́lẹ̀ pé àwọn Amẹ́ríkà gbẹ́ ilẹ̀ Panama jìn títí omi Àtìláńtíìkì fi ṣàn lọ pàdé omi Pàsífíìkì, àti pé omi òkun tó la ilẹ̀ já yẹn ni ọkọ̀ ń gbà. Ẹni tó jókòó tì í ní "bẹ́ẹ̀ ni o jàre", wọ́n sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Ohun tí wọ́n ń kọ́ ọmọ nílé ìwé náà nìyẹn, ohun tí àgbàlagbà tó kàwé ń tún sọ náà nìyẹn.

Kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ ní Panama. Òkun méjèèjì ò fojú kanra. Adágún omi ńlá kan ló wà láàárín wọn, Gatún lorúkọ rẹ̀, ojú omi rẹ̀ sì fi nǹkan bíi mítà 26 ga ju ojú òkun lọ. Omi òjò ló kún inú rẹ̀. Ọkọ̀ tó bá fẹ́ kọjá gbọ́dọ̀ gòkè lọ bá adágún yìí, kó gba orí rẹ̀ kọjá, kó tún sọ̀ kalẹ̀ sínú òkun kejì. Gbogbo ọ̀nà náà jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 82, ó sì ń gbà tó wákàtí 8 sí 10.

Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kó kọ́kọ́ ṣàlàyé ọdún 2023 fún wa ná. Lọ́dún náà, El Niño, ìyẹn ìgbà tí ojú omi Pàsífíìkì máa ń gbóná ju bó ṣe yẹ lọ tí ojú ọjọ́ sì máa ń yí padà, mú kí òjò wọ́n ní Panama. Oṣù Kẹwàá, tó yẹ kí òjò máa rọ̀ dáadáa nínú rẹ̀, gbẹ ju Oṣù Kẹwàá èyíkéyìí lọ láti 1950. Omi Gatún fà. Àjọ tó ń bójú tó ọ̀nà-omi náà bẹ̀rẹ̀ sí í gé iye ọkọ̀ tó ń kọjá: nǹkan bí 36 ló máa ń kọjá lóòjọ́ tí nǹkan bá dára, ó di 32, ó di 24, nígbà tí Oṣù Kejìlá fi wọlé, ó ti di 22. Wọ́n tún ní kí àwọn ọkọ̀ ńláńlá dín ẹrù kù, torí pé ìwọ̀n tí ìdí ọkọ̀ lè rì wọ inú omi ti já láti mítà 15.24 sí mítà 13.41. Láàárín ọdún, ọkọ̀ tó dúró de ìgbà tiwọn ní ẹnu ọ̀nà méjèèjì lé ní 150. Nínú Oṣù Kọkànlá, ilé-iṣẹ́ kan láti Japan san owó tó kù díẹ̀ kó pé mílíọ̀nù 4 dọ́là níbi gbàǹjo, kí ọkọ̀ rẹ̀ kan ṣoṣo má bàa tò lórí ìlà, owó ìkọjá gan-an ò sì sí nínú ìyẹn o.

Àtìláńtíìkì kò gbẹ lọ́dún yẹn. Pàsífíìkì náà ò gbẹ. Bó bá jẹ́ omi òkun ni wọ́n ń lò, kí ló kan ọ̀dá òjò?

Ó kàn án torí bí ọ̀nà-omi náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká mú ọkọ̀ kan tó ń bọ̀ láti Àtìláńtíìkì, lẹ́bàá ìlú Colón. Kó tó wọlé, páílọ́ọ̀tì Panama, ìyẹn atukọ̀ tó mọ ojú omi ibẹ̀ dáadáa, á gun orí rẹ̀, á sì gba àṣẹ ọkọ̀ lọ́wọ́ kapteeni pátápátá. Irú èyí ṣọ̀wọ́n, nítorí ní ọ̀pọ̀ èbúté ayé, ìmọ̀ràn lásán ni páílọ́ọ̀tì ń fún kapteeni. Ọkọ̀ á wá dé ibi yàrá omi mẹ́ta tó tò léra bí àtẹ̀gùn ní Gatún. Kọnkéré ni yàrá kọ̀ọ̀kan, gígùn rẹ̀ tó mítà 305, ìbú rẹ̀ mítà 33.5. Ọkọ̀ tó fẹ̀ jù tó lè wọ inú rẹ̀ fẹ̀ ní mítà 32 àti díẹ̀, ìyẹn ni pé àlàfo tó kù ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan kò tó mítà kan. Ìdí nìyẹn tí àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tó ń lo iná mànàmáná fi ń rìn lórí irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tí wọ́n fi okùn wáyà so mọ́ ọkọ̀ lọ́tùn-ún lósì. *Mula* ni wọ́n ń pè wọ́n, ìyẹn ìbaaka. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àwọn ni wọ́n ń fa ọkọ̀ wọlé. Wọn ò fà á o, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń gbé e lọ. Iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n má jẹ́ kó fara gbá ògiri, kí wọ́n sì dá a dúró.

Tí ọkọ̀ bá ti wọlé, ilẹ̀kùn irin á tì lẹ́yìn rẹ̀. Ilẹ̀kùn náà nípọn tó mítà 2, ó jẹ́ abala méjì, tí abala méjèèjì bá sì pàdé, wọ́n á yọ góńgó síhà ibi tí omi ti ga. Ọgbọ́n ńlá ló wà níbẹ̀: bí omi bá ṣe ń tì í tó ni ilẹ̀kùn ṣe ń fún mọ́ra sí i, ẹnikẹ́ni ò sì lè ṣí i títí omi iwájú àti ẹ̀yìn á fi dọ́gba. Ìgbà náà ni wọ́n á ṣí fáàfù. Omi á ya láti inú adágún lókè, á gba inú ihò ńlá tó wà nínú ògiri, tí fífẹ̀ rẹ̀ tó mítà 5.5, á sì máa tú jáde láti ìsàlẹ̀ yàrá. Kò sí pọ́ǹpù kankan níbẹ̀. Bí omi ṣe ń wá láti inú táǹkì orí òrùlé sínú báàfù náà ló rí: òkè ló ti ń bọ̀, ìwúwo ara rẹ̀ ló ń gbé e. Láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 8, ọkọ̀ tó gùn tó pápá bọ́ọ̀lù méjì ti gòkè ní mítà 8 ó lé. Wọ́n á ṣí ilẹ̀kùn iwájú, ọkọ̀ á bọ́ sí yàrá kejì, wọ́n á tún ṣe bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn náà ìkẹta.

Lẹ́yìn èyí, ọkọ̀ ti wà lórí adágún. Á gba orí Gatún, á gba ọ̀nà tóóró tí wọ́n gé sáàárín òkè ní Culebra, á wá sọ̀ kalẹ̀ ní àtẹ̀gùn kan ní Pedro Miguel àti méjì ní Miraflores, lẹ́yìn náà ó di Pàsífíìkì. Bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, omi tó wà nínú yàrá ni wọ́n ń tú dànù síhà òkun. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn. Gbogbo ọkọ̀ tó bá gba àwọn yàrá àtijọ́ tí mo ṣàlàyé yìí kọjá ń da nǹkan bíi lítà mílíọ̀nù 200 omi tí kò níyọ̀ sínú òkun, omi náà kì í sì í padà wá. Òjò nìkan ló lè dá a padà. Adágún yìí àti èkejì rẹ̀ tó ń jẹ́ Alajuela ni wọ́n sì ń pọn omi mímu láti inú wọn fún èyí tó ju ìdajì àwọn ará Panama lọ, nínú orílẹ̀-èdè tí iye ènìyàn inú rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 4 àti díẹ̀ nígbà ètò ìkànìyàn ọdún 2023. Ọkọ̀ àti ọmọ aráyé ń mu látinú kete kan náà.

Ẹ̀rí mìíràn wà tí àwọn awakọ̀ òkun mọ̀ dáadáa. Ìwọ̀n tí àjọ náà ń fi lélẹ̀ fún bí ìdí ọkọ̀ ṣe lè rì tó, omi aláìníyọ̀ ilẹ̀ olóoru ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀, kì í ṣe omi òkun. Omi iyọ̀ wúwo, ó ń gbé ọkọ̀ lékè; omi òjò fúyẹ́, ọkọ̀ sì ń rì sí i nínú rẹ̀. Ọkọ̀ tí ìdí rẹ̀ rì ní mítà 12 lójú òkun lè fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30 rì sí i tó bá dé Gatún. Kapteeni tó bá gbàgbé láti ṣírò èyí níbi tó ti di ẹrù, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n á ti dá a dúró. Nígbà náà, ó di kó já àwọn kọ̀ǹténà kan sílẹ̀ sí etíkun kan, kí reluwé gbé wọn kọjá, kó sì lọ tún wọn dì ní etíkun kejì. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà ọ̀dá yẹn.

Ohun tó ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà kò ju àwòrán ilẹ̀ tó fa ìlà búlúù kan gba àárín Panama, àti Suez, ọ̀nà-omi tó wà ní Íjíbítì. Suez lóòótọ́, omi òkun ló wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, torí aṣálẹ̀ pẹrẹsẹ ni wọ́n gbẹ́. Ibẹ̀ ọ̀hún ló tan Ferdinand de Lesseps fúnra rẹ̀ jẹ. Òun ló ṣe olórí iṣẹ́ Suez tó parí ní 1869, ó sì rò pé bákan náà ni Panama. Ní 1881, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ilẹ̀ kó lè dọ́gba pẹ̀lú òkun, ohun tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wa ń sọ gẹ́lẹ́. Òkè Culebra ń ya lulẹ̀ sínú kòtò ní gbogbo àsìkò òjò. Bí wọ́n ṣe ń kó iyẹ̀pẹ̀ lọ ni òmíràn ń ṣubú dí i. Odò Chagres gba ojú ibi tí wọ́n ń gbẹ́ kọjá, tó bá sì kún, á gbá gbogbo iṣẹ́ lọ. Ibà pọ́njú àti ibà ẹ̀fọn pa wọ́n bí ẹni pa eṣinṣin. Ìṣirò tí wọ́n máa ń mẹ́nu bà jẹ́ nǹkan bí 22,000 òkú. Nígbà tí de Lesseps máa fi gbà ní 1887 pé kí Gustave Eiffel, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Faransé, wá kọ́ yàrá omi, owó ti tán. Ilé-iṣẹ́ náà wó ní 1889.

Àwọn Amẹ́ríkà gan-an fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe àṣìṣe kan náà. Wọ́n gba iṣẹ́ náà ní 1904, wọ́n sì kó onímọ̀ ẹ̀rọ 13 jọ kí wọ́n gbà wọ́n nímọ̀ràn. 8 nínú wọn ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ dọ́gba pẹ̀lú òkun. John Stevens, olórí iṣẹ́ nígbà náà, tó ti fojú ara rẹ̀ rí Chagres nígbà tó kún, ló takú. Ní 1906, ilé aṣòfin wọn fọwọ́ sí yàrá omi. Dípò kí wọ́n máa bá Chagres jà, wọ́n fi dáàmù oníyẹ̀pẹ̀ dí i ní Gatún. Dáàmù náà gùn ju kìlómítà 2 lọ, ìdí rẹ̀ sì fẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 800. Odò tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ ló wá di adágún tó ń gbé ọkọ̀. Àwọn abúlé tó wà ní àfonífojì náà rì mọ́lẹ̀. Òkè kan tó ṣẹ́ kù lórí omi ló di erékùṣù Barro Colorado, níbi tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ń ṣèwádìí igbó títí dòní. Ọkọ̀ *Ancon* ló ṣí ọ̀nà ní ọjọ́ 15 Oṣù Kẹjọ, 1914. (Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀ gangan sì jẹ́ aláwọ̀ dúdú láti Barbados, Jamaica àti àwọn erékùṣù tó yí wọn ká, owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ń gbà. Ìyẹn fún àwọn tó ń sọ "àwọn Amẹ́ríkà gbẹ́ ẹ" bí ẹni pé Washington ló mú ṣọ́bìrì. Panama ló sì ti ń darí rẹ̀ láti ọ̀sán ọjọ́ 31 Oṣù Kejìlá, 1999.)

Ká tiẹ̀ ní wọ́n gbẹ́ ẹ tán dọ́gba pẹ̀lú òkun, kò ní gbà wọ́n láyè láti sinmi. Omi Pàsífíìkì níbẹ̀ ń wú, ó ń fà, ìyàtọ̀ rẹ̀ lè tó mítà 6. Ti Àtìláńtíìkì kò tó mítà kan. Ìṣàn líle ni ì bá máa sáré wọlé sáré jáde lójoojúmọ́, wọn ì bá sì tún kọ́ ilẹ̀kùn náà ni. Nítorí omi tó ń wú yìí ni ilẹ̀kùn Miraflores tó kọjú sí Pàsífíìkì fi ga ju gbogbo ìyókù lọ, ó tó mítà 25.

Àṣìṣe kan tún so mọ́ èyí: pé láti Àtìláńtíìkì sí Pàsífíìkì, ọkọ̀ ń lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Ẹ ṣí àwòrán ilẹ̀ lórí fóònù yín, ẹ wá Colón, ẹ wá Ìlú Panama. Ilẹ̀ náà dùbúlẹ̀, ó sì tẹ̀. Ẹnu ọ̀nà Pàsífíìkì ló fi nǹkan bíi kìlómítà 40 wà níhà ìlà-oòrùn ti Àtìláńtíìkì. Gúúsù ìlà-oòrùn ni ọkọ̀ ń kọrí sí.

Kí ẹnikẹ́ni má bàa fi gbá mi lẹ́nu: lóòótọ́, iyọ̀ díẹ̀ ń wọ Gatún, ó sì ń pọ̀ sí i láti ìgbà tí wọ́n ṣí àwọn yàrá tuntun ní Oṣù Kẹfà, 2016. Àwọn yẹn tóbi ju ti àtijọ́ lọ, wọ́n ní agbada mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá kọ̀ọ̀kan tó ń jẹ́ kí wọ́n lè tún nǹkan bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún omi náà lò, ṣùgbọ́n omi tí wọ́n ń tún lò yẹn ń gbé iyọ̀ díẹ̀díẹ̀ gòkè. Àwọn tó ń ṣe omi mímu ń kùn sí i. Ẹ rí i pé bí iyọ̀ ṣe ń wọlé ni wọ́n ń pè ní ìṣòro.

Omi òjò tí wọ́n nílò yìí ló wà nídìí ìjà tó ń lọ lọ́wọ́ ní Panama báyìí. Àjọ náà fẹ́ dí odò mìíràn, Río Indio, kí wọ́n fi ihò abẹ́ ilẹ̀ darí omi rẹ̀ wá sínú Gatún. Wọ́n dá owó rẹ̀ sí bílíọ̀nù 1.6 dọ́là. Àwọn ará oko tó lé ní 2,000 ni wọ́n máa kó kúrò lórí ilẹ̀ bàbá wọn kí adágún tuntun lè kún, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti fárígá pé àwọn ò lọ.