Ilé alájà mélòó ló tó fún Ìsàlẹ̀ Èkó?

Ọmọ Pópó Àgùdà: Láti Campos dé Ìdúmàgbò, ilé ẹbí ni wọ́n ń wó káàkiri. Ibi tí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kékeré wà tẹ́lẹ̀, dẹfẹlọ́pà á kọ́ alájà mẹ́fà sí i, ògiri rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ti aládùúgbò. Tèmi ni pé kí ìjọba fòfin dè é: alájà mẹ́ta, ó parí. Ẹni tó bá fẹ́ ilé gogoro, kó lọ sí Marina tàbí Eko Atlantic. Ilojo Bar tí ìdílé Fernandez kọ́ sí Ìta Tinúbú ní 1855, ìjọba ti kà á mọ́ ohun àjogúnbá láti 1956. Síbẹ̀, wọ́n wó o lọ́jọ́ Sunday kan ní September 2016. Kí ló wá kù?

Ọmọ Onílé: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Ṣé ẹ̀yin lẹ ó bá wa tún òrùlé ṣe? Nínú ilé bàbá wa àgbà, èèyàn ti pọ̀ ju yàrá lọ, òjò sì ń rọ̀ sí wa lórí. Dẹfẹlọ́pà kan ló wá, ó ní òun á kọ́ alájà mẹ́fà, òun á máa gba owó ilé lórí mẹ́rin fún ọdún 20, kí ẹbí mú méjì. Bí ẹ bá ní mẹ́ta péré, kí ló fẹ́ jẹ níbẹ̀? Kò ní wá mọ́ nìyẹn. Bí ìjọba bá kọ orúkọ ilé sínú ìwé àjogúnbá tí kò fi kọ́bọ̀ tì í, ta ni yóò máa tún un kùn?

Bíríkìlà Àgbà: Gíga kọ́ ló ń pa èèyàn. Ilé tó wó ní Ìta Fàájì ní March 2019, tí ilé ìwé wà lókè rẹ̀, tó pa nǹkan bí 20 èèyàn, ṣé gogoro nìyẹn? NECOM House ní Marina, alájà 32, 1979 ni wọ́n parí rẹ̀, iná jó o ní 1983, ó ṣì wà níbẹ̀. Cocoa House ní Dùgbẹ̀, alájà 26, ti dúró láti 1965. Ilẹ̀ Èkó, iyanrìn àti pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ ni. Ẹ gbẹ́ ẹ díẹ̀, ẹ ti kan omi. Ilé ńlá níbẹ̀, àfi kí wọ́n gún òpó rẹ̀ wọlẹ̀ jìnnà. Ohun tí èmi ń rí ládùúgbò yẹn ni ìpìlẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí wọ́n ń gbé àjà karùn-ún lé, pẹ̀lú irin tíńtín.

Ọmọ Pópó Àgùdà: Bàbá, ẹ ṣé. Ilé tó wó ní Gerrard Road ní Ìkòyí ńkọ́, 1 November 2021? Alájà 21, èèyàn tó kú lé ní 40. Ọ̀gá LASBCA, àjọ tó ń ṣọ́ ilé kíkọ́, ní 15 ni wọ́n fọwọ́ sí. Igbákejì Gómìnà ní rárá o, 21 ni. Bí àwọn fúnra wọn ò bá fẹnu kò lórí iye àjà, ohun tí mo fẹ́ ni iye kékeré tí ọmọdé lè dúró sójú títì kó kà. Ẹnikẹ́ni lè ka mẹ́ta. Bí ẹ̀kẹrin bá ti yọ, gbogbo àdúgbò ti mọ̀.

Ìyá Aláṣọ Balógun: Kí wọ́n mọ̀ kí wọ́n wá ṣe kí ni? Ṣé àmì pupa tí wọ́n ń fi kun ara ilé ò ti pọ̀ tó ni? Ẹ wá sí Balógun ní December. Ṣọ́ọ̀bù láti ìsàlẹ̀ dókè, jẹnẹrétọ̀ lẹ́bàá àtẹ̀gùn. Ibi tí ọkọ̀ panápaná á gbà, kò sí. Nígbà iná November 2019 àti ti January 2020, ojú wa rí nǹkan. Bó wu wọ́n kí wọ́n kọ́ ọgbọ̀n àjà, kí wọ́n ṣá fi àyè sílẹ̀ láàárín ilé sí ilé.

Ará Súrùlérè: Èyí tó ń bà mí lẹ́rù yàtọ̀. Ní 1955 ni LEDB, àjọ ìjọba tó ń tún ìlú Èkó ṣe nígbà náà, bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé ní àárín Èkó, wọ́n fẹ́ sọ ọ́ di ọ̀tun kí òmìnira tó dé. Wọ́n kó àwọn èèyàn wá sí Súrùlérè. Wọ́n ní onílẹ̀ lè rà á padà, ṣùgbọ́n ní owó tó ju èyí tí wọ́n san fún un. Ẹ bá mi ka iye tó rí i rà! Àwọn oníṣòwò tó kó wá síbí pàdánù oníbàárà wọn. Nítorí náà, Ọmọ Onílé, àjà méjì tí wọ́n ní kí ẹ mú yẹn, ṣé ó gba gbogbo yín? Àbí àwọn kan ń bọ̀ wá rẹ́ǹtì sí Ìkòròdú?

Ọmọ Onílé: Kò gbà wá tán. Àwọn àgbà ló máa kọ́kọ́ mú.

Bíríkìlà Àgbà: Àbúrò, ṣé wọ́n ti yẹ ilẹ̀ ibẹ̀ wò?

Ọmọ Onílé: Wọ́n ní ó di ìgbà tí wọ́n bá wó ilé tán.

Ìyá Aláṣọ Balógun: Ìwé àṣẹ ìkọ́lé ńkọ́?

Ọmọ Onílé: Dẹfẹlọ́pà ní òun mọ ẹnìkan níbẹ̀.

Ọmọ Pópó Àgùdà: Ẹ gbọ́ o!

Bíríkìlà Àgbà: Ẹ má tíì kó jáde. Kí wọ́n wá gbẹ́ ihò láti yẹ ilẹ̀ wò ní ẹ̀yìnkùlé, ilé tó ṣì dúró ò dí ìyẹn lọ́wọ́. Kí ẹbí mú èsì rẹ̀ lọ bá ẹnjiníà tí kì í ṣe ti dẹfẹlọ́pà. Bí dẹfẹlọ́pà bá kọ̀, ẹ má buwọ́ lùwé.