Wọ́n ti ṣe prosẹ́sọ̀ fún èdè kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo rí o

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o, àmọ́ ohun tẹ́ ẹ sọ fáwọn ọmọ tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà n'Íjẹ̀bú-Òde níbí, pé kò sẹ́ni tó ṣe prosẹ́sọ̀, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, fún èdè kan ṣoṣo nínú àwọn èdè tí wọ́n fi ń kọ prógíráàmù rí, àti pé tí wọ́n bá ṣe ti èdè Python nìkan ó máa fi prosẹ́sọ̀ ilé iṣẹ́ Intel sílẹ̀ sẹ́yìn, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ilé iṣẹ́ Burroughs ti ṣe kọ̀ǹpútà B5000 lọ́dún 1961, torí èdè ALGOL ni. Ilé iṣẹ́ Symbolics náà ṣe ti èdè Lisp, èyí gan-an ló wù mí jù: gbogbo nǹkan tó wà nínú mẹ́mọ́rì ẹ̀ ló ní àmì tó ń sọ irú ohun tó jẹ́, bí ìgbà tí wọ́n kọ "gààrí" tàbí "ẹ̀lùbọ́" sára àpò lọ́jà Òkè-Àjẹ́, tó bá ń ro nọ́ńbà méjì pọ̀ ó ń yẹ àmì yẹn wò lẹ́ẹ̀kan náà, kò ní dúró tú àpò kó tó mọ ohun tó wà ńbẹ̀. Ọgbọ́n gidi nìyẹn!

Àmọ́ prosẹ́sọ̀ tí gbogbo ayé ń rà ń yára sí i lọ́dọọdún, compiler (ohun tó ń tú prógíráàmù sí èyí tí prosẹ́sọ̀ gbọ́) náà ń gbọ́n sí i, ilé iṣẹ́ kékeré tó ń ṣe ti èdè kan ṣoṣo ò lè bá wọn sáré. Ilé iṣẹ́ ARM náà fi Jazelle sínú prosẹ́sọ̀ fóònù kó lè máa ṣe èdè Java tààrà, nígbà tí JIT (compiler tó ń tú prógíráàmù bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́) gbilẹ̀, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ nílò ẹ̀ mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tún un sọ fún wọn. Tí Python bá ń lọ́ra, NumPy (àkójọ irinṣẹ́ fún ìṣirò nọ́ńbà) àti PyPy (ohun tó ń mú Python yára pẹ̀lú JIT) wà ńlẹ̀, ẹ kọ́ wọn nìyẹn ná.